Ohùn Méjì Lórí Okùn Kan

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, tàbí kí n sọ pé mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ó ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì mi bí ẹni pé wọ́n gbé e sí abẹ́ fèrèsé yàrá mi. Mo dìde, mo da ìborùn borí, mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò mi, ìyá Hausa kan tí a ti jọ ń gbé ní àdúgbò Keteren Gwari ní Minna láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa ti wà ní kékeré. Mo kí i tán, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, nítorí iná ìjọba ti dé.

Ó wo ojú mi, ó sì fi Hausa dá mi lóhùn. "Malama, jẹnẹrétọ̀ wa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò sí nǹkan tó ń dún níbí."

Malama ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, nítorí pé olùkọ́ ni mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní oorun ṣì wà lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà lọ sílé, mo fi ìka dí etí òsì, ariwo náà ò dín kù. Mo wá dí ti ọ̀tún. Gbogbo àdúgbò jìnnà sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Adìẹ tó ń ké lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi dà bí èyí tó wà nínú kànga.

Ìlú Kontagora ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Mi ò sọ fún un lórí fóònù. Mo gbé òróró díẹ̀ kaná kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo kán an sí etí náà, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ní bóyá omi ló wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ṣì ń kùn.

Fayolíìnì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí àwọn òbí mi dara pọ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Minna ni mo ti kọ́ ọ, iṣẹ́ tí mo sì mọ̀ jù láyé nìyẹn. Fayolíìnì kò dà bí dùùrù. Bí o bá tẹ dùùrù níbi tó yẹ, ohùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tó ń dúró dè ọ́. Fayolíìnì kò ní àmì kankan lọ́rùn. Etí ló ń sọ fún ìka ibi tí yóò dúró sí, etí olùkọ́ ni ọmọ sì máa ń yá lò títí tirẹ̀ yóò fi là. Èjìká òsì la máa ń gbé e lé, lábẹ́ etí òsì gan-an.

Láàárín àwọn tí mò ń kọ́ lọ́dún náà, ọmọbìnrin kan wà láti àdúgbò Limawa. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára agbádá àwọn ọkùnrin. Ìyá àgbà ilé wọn kò pe fayolíìnì ní nǹkan mìíràn ju gòjé lọ. Ọmọ náà gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ohun èlò náà sí èjìká, kò sí èdè tó ṣòro fún un. Olùdánwò kan ń bọ̀ láti Abuja lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé bó bá yege, òun yóò jẹ́ kó lọ kọ́ nípa orin nílé ẹ̀kọ́ gíga. Bí kò bá yege, yóò lọ kọ́ iṣẹ́ akáǹtì, kí ọ̀rọ̀ gòjé sì parí síbẹ̀.

Ọmọ yìí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì náà. Mo gba fayolíìnì rẹ̀ láti wò ó bóyá àwọn okùn rẹ̀ bára mu, bí mo ti máa ń ṣe. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń ta á lórí okùn kan ṣoṣo, ohùn méjì ni mo gbọ́. Etí ọ̀tún gbọ́ ọ̀kan, etí òsì gbọ́ òmíràn tó fi díẹ̀ wálẹ̀ jù ú lọ, àwọn méjèèjì sì ń ha ara wọn bí ọ̀bẹ lórí àwo. Mo fa okùn náà le díẹ̀. Ó jọ pé ó sàn. Mo tún fà á. Mo gbé fóònù mi jáde, ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fi hàn bí ohùn bá ga jù tàbí bó bá wálẹ̀ jù. Ó ní mo ti kọjá ibi tó yẹ. Mo sọ fún ara mi pé fóònù náà ló ń ṣe ségesège.

"Àǹtí," ọmọ náà ní, "kò ti ga jù báyìí?"

"Rárá. Ta á."

Ó ta á. Níbi tí ìka rẹ̀ bá dúró sí, mo ní kó sún un sókè. Ó sún un. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ kò fi àyè gba kí ọmọ máa bá àgbà jiyàn. Nígbà tí a fi máa parí, iwájú orí rẹ̀ ti le, ó sì ń wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ fún.

"Bóyá etí mi ló bàjẹ́, Àǹtí," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ó ń ti fayolíìnì bọ àpótí.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, orin tí mo ti mọ̀ láti kékeré ń dún bí ohun tí wọ́n fọ́ sí méjì. Bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ láti apá òsì, mo ń mi orí lásán, mo sì ń wo ojú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló yẹ kí n rín. Mo ń bẹ̀rù láti lọ sílé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé bí dókítà bá ti lè dárúkọ ohun tó ń ṣe mí, mi ò tún lè pè é ní omi mọ́.

Àwa olùkọ́ orin ní Minna ní ẹgbẹ́ kan. A ò pọ̀ rárá: àwọn tó ń kọ́ni ní dùùrù, ní gìtá, ní fèrè, àti àwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin. A máa ń yá ara wa ní ohun èlò, bí ẹnìkan bá sì ṣàìsàn, ẹlòmíràn á gba àwọn ọmọ rẹ̀ mú títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kí ìdánwò tó dé, a máa ń kó gbogbo àwọn ọmọ jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí wọ́n ta ohun tí wọ́n ti kọ́ níwájú àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ọjọ́ Ìfetísí la ń pè é. Ó máa ń lé ẹ̀rù kúrò lára àwọn ọmọ. Lọ́dún yẹn, èmi gan-an ni ẹ̀rù ń bà.

Alága wa jẹ́ ọkùnrin Núpé láti Bida, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bándì ọlọ́pàá. Ẹni tó sì máa ń ta dùùrù tẹ̀lé àwọn ọmọ ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Chanchaga, ará Ọ̀yọ́ ni, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tó kan ọmọ Limawa ní Ọjọ́ Ìfetísí náà, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ dùùrù, ọmọ náà sì fi fayolíìnì tẹ̀lé e. Mo rí i tí ọ̀rẹ́ mi gbé orí sókè. Ó ta á lọ díẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo okùn rẹ̀."

Mo gba fayolíìnì náà. Mo mú àwọn okùn rẹ̀ le títí mo fi gbà pé wọ́n dára, mo dá a padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan tó jókòó níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá kan wo ilẹ̀. Láti ojú wọn ni mo ti ń mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe láti inú orin.

Alága gbé ọwọ́ sókè, ó fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. "Malama, jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ tún un ṣe."

Ọmọ náà wò mí. Mo mi orí sí i. Ó yí igi kéékèèké orí fayolíìnì náà, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó ń fetí sí dùùrù. Nígbà tó ta á, mo rí i tí ara gbogbo ènìyàn rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tó ń dún burú débi pé mo sọ ọ́ síta kí n tó mọ̀: "Kò bára mu."

Gbogbo ojú yí sí mi. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èmi ni.

Mi ò dúró kí ètò parí. Mo gbé báàgì mi, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé. Kò pẹ́ tí mo jókòó tí ọ̀rẹ́ mi fi dé, ó ń mí gúlegúle. Kò kí mi dáadáa pàápàá. Ó fa àga kan, ó jókòó sí apá òsì mi, ó ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí ló wí. Ó dìde, ó lọ sí apá ọ̀tún.

"Mo ní, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?"

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó mú fayolíìnì mi lórí tábìlì, ó fi ìka fa okùn kan. Ó ní kí n dí etí òsì, kí n fi ohùn mi kọ ohun tí mo gbọ́. Mo kọ ọ́. Ó tún un fà, ó ní kí n dí ti ọ̀tún. Mo kọ ìyẹn náà. Ohùn tó ti ẹnu mi jáde lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ti àkọ́kọ́, èmi náà mọ̀ ọ́n bí mo ti ń kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi rọra gbé fayolíìnì náà kalẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi. Ó ní, "Ọ̀la ni a ń lọ sílé ìwòsàn. Èmi ni màá sìn yín."

Dókítà etí náà kò ju ọmọ mi àkọ́bí lọ. Ó gbé nǹkan sí mi létí, ó ní kí n máa gbé ọwọ́ sókè nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ ohùn. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ láìgbé ọwọ́ sókè, mo sì ń rí ìka rẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ náà léraléra. Ó ṣàlàyé pé iṣan tó ń gbé ohùn láti inú etí lọ sí ọpọlọ ló ti ṣàìsàn, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójijì, a kì í sì mọ ohun tó fà á lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ká ní ẹ tètè wá ni," ó ní. "Oògùn tí mo fẹ́ fún yín yìí lè ràn yín lọ́wọ́. Ó sì lè má ṣe nǹkan kan."

"Ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Ti ọ̀tún ṣì dára."

Ṣì. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo gbé délé.

Ẹgbẹ́ pàdé nílé alága ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo dìde, mo ṣàlàyé fún wọn, mo ní mo fẹ́ kí wọ́n pín àwọn ọmọ mi láàárín ara wọn, kí n má baà ba ti ọmọ kankan jẹ́. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù ni pé kí wọ́n sáré gbà.

Olùkọ́ gìtá kan, ọ̀dọ́kùnrin, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí la máa wí fún àwọn òbí? Bí wọ́n bá gbọ́ pé olùkọ́ orin kò gbọ́ràn, ṣé kò ní kan gbogbo wa?"

Kò fi ṣe ìkà, ohun tí èmi náà ń rò ló sọ. Alága jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi.

"Ọwọ́ rẹ ń ṣàìsàn?"

"Rárá, sà."

"Ojú rẹ? Ohun tí o mọ̀ nípa bí a ṣe ń fa ọ̀pá, bí ọmọ ṣe ń dúró, ibi tó yẹ kí orin ti mí, ṣé ó ti kúrò lórí rẹ?"

"Kò kúrò."

"Etí nìkan ni a ó yá ọ nígbà náà. Etí pọ̀ nínú yàrá yìí. Ní ti àwọn òbí, òótọ́ la ó sọ fún wọn."

Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyí: ọ̀rẹ́ mi ará Chanchaga yóò máa wá jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù nígbà tí mo bá ń kọ́ ọmọ Limawa, àwọn yòókù yóò sì máa pín ara wọn sórí àwọn ọmọ mi tó kù. Ọ̀dọ́kùnrin onígìtá yẹn ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ọkàn mi balẹ̀. Ó ku bàbá ọmọ Limawa.

Ó fúnra rẹ̀ wá sílé mi, òun àti ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Fọ́nrán òwú ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀. A kíra tán, ó sì jókòó.

"Malama," ó ní, "wọ́n ní ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ mi láti ìgbà yìí wá, òdì ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì. Àìsàn ló kọ lu etí mi, mi ò tètè mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ fún un pé kó gbé ohùn sókè nígbà tí kò yẹ. Ẹ má bínú."

"Ṣé ó ti wọ̀ ọ́ lára?"

"Mi ò mọ̀." Bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn, mi ò fẹ́ parọ́ fún un.

Ó wo àpótí fayolíìnì lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ṣé kò ní dára ká fi sílẹ̀ lọ́dún yìí? Bó bá lọ kùnà lójú àlejò láti Abuja, ẹnu gbogbo Limawa ló máa wà. Ìyá mi ò ní jẹ́ kí n gbádùn."

Ọmọ náà, tí kì í sọ̀rọ̀ bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, fi Hausa sọ fún un pé òun mọ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ní kí ló mọ̀.

"Mo mọ̀ pé ohùn náà ga jù. Mo rò pé èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa. Nísinsìnyí mo ti mọ̀ pé mo gbọ́." Ó wá yí sí Yorùbá nítorí mi. "Àǹtí ò ba etí mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Bàbá."

Bàbá náà fọwọ́ ra ojú. Ó ní òun yóò ronú sí i. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo ṣàkíyèsí pé òun ló gbé àpótí náà.

Ọmọ náà padà wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ́ ọ, àwa méjì fún ọmọ kan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń sọ fún un ibi tó yẹ kó dẹ ọ̀pá sílẹ̀ àti ibi tó yẹ kó fi agbára sí i. Bó bá kan ọ̀rọ̀ ohùn, màá dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi á tẹ kíbọ́ọ̀dù, ọmọ náà á sì wá ohùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti dákẹ́. Mò ń lo oògùn, mò ń gbàdúrà, mo sì ń dán etí náà wò láràárọ̀ kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi èékánná ha ìrọ̀rí lẹ́bàá rẹ̀.

Ọyẹ́ mú gidigidi nígbà ìdánwò. Ètè gbogbo ènìyàn ló là. Olùdánwò kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé àyàfi ọmọ àti ẹni tó ń ta dùùrù tẹ̀lé e, nítorí náà èmi, alága àti bàbá ọmọ jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn. Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà sún mọ́ mi.

"Malama, ṣé ó dára?"

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, kò sí ìbéèrè tó wù mí láti dáhùn tó yẹn rí. Mo fi ìka dí etí òsì, mo na ọ̀tún sí fèrèsé. Ògiri àti atẹ́gùn ọyẹ́ gba ìdajì rẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

"Alàájì, mi ò lè sọ."

Àwa méjèèjì yíjú sí alága. Ó ti di ojú rẹ̀, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ó ń lọ," ó ní. "Ó ń lọ."

Ohùn fayolíìnì sì dá. Dùùrù náà dá. Kò sí nǹkan kan mọ́. Mo dìde, alága fà mí ní aṣọ, ó ní kí n jókòó. Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ọyẹ́ ti gbẹ igi tó di okùn mú lórí fayolíìnì náà, ó ti yọ̀, okùn kan ti tú. Ọ̀rọ̀ tó ń yí nínú mi ni pé ta ló máa bá a tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá tú tẹ́lẹ̀, èmi ló máa ń gbé e fún. Bàbá náà ń pe Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n.

A wá gbọ́ ọ. Okùn kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gòkè, ó dúró, ó wálẹ̀ díẹ̀, ó tún gòkè. Kò yára. Mi ò mọ̀ bóyá ibi tó dúró sí tọ́ tàbí kò tọ́, mò ń wo ojú alága bí ẹni tó ń wo ojú dókítà. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Orin náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dá, ó sì lọ títí dé òpin.

Ọmọ náà jáde, ó ń làágùn nínú òtútù. "Àǹtí, okùn náà tú," ó ní. Mo ní a gbọ́. Bàbá rẹ̀ bọ́ fìlà orí rẹ̀, ó fi nu ojú.

Èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Ó yege. Kì í ṣe pé ó gba ipò tó ga jù, àṣìṣe wà níbi orin kejì, olùdánwò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ orin báyìí, ó jìnnà síbí. Ó máa ń pè mí, ó sì ti mọ̀ pé kó máa sọ̀rọ̀ kí ohùn rẹ̀ ròkè díẹ̀.

Etí náà kò padà bọ̀ sípò. Ariwo rẹ̀ rọ̀, ohùn méjì náà sún mọ́ra, ṣùgbọ́n wọn ò tíì di ọ̀kan. Ẹgbẹ́ wa ní kí gbogbo olùkọ́ máa lọ yẹ etí rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, alága wọlé lọ bá dókítà tayọ̀tayọ̀, ó jáde láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ló jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn ohùn òkè ti ń sá fún òun náà, láti ara kàkàkí àti ìlù ńlá tí òun ti dúró tì fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú bándì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ó fẹ́ kí n kọ́ ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ etí mi fún un kí ọmọ náà tó ṣí àpótí. Ó dúpẹ́, ó ní òun yóò bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Mo ti ra okùn tuntun sílẹ̀ fún fayolíìnì kékeré tó máa bá ọwọ́ ọmọ náà mu, mo sì ń dá ara mi lẹ́bi pé mo kánjú.